Ilé-Ẹ̀kọ́ Ilé àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Àjò

Lọ́dọọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá mú gan-an ní Ìlọrin, tí ètè gbogbo ènìyàn ń bó, tí ẹsẹ̀ ọmọdé sì funfun bí ẹni tí ó tẹ eérú, ni àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í tò sí ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn olùkọ́ láti rí mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àròkọ ni wọ́n ń bá wá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ àmì ohùn tí ó ń yọ wọ́n lẹ́nu láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù JAMB ni. Olúkúlùkù wọn fẹ́ mọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí òun yóò kọ sí àyè kìn-ín-ní, ìbéèrè tí wọ́n sì ń bi mí kò yí padà láti ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí: “Ọ̀gá, ṣé kí n dúró sí ilé ni, tàbí kí n lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn?”

Ẹni tí ó bá gbọ́ ìbéèrè yìí lójijì lè rò pé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ọkàn lásán ni, bí ìgbà tí a bá ń bi ènìyàn bóyá iyán ni yóò jẹ tàbí àmàlà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn sí ìbéèrè náà lè dá ọmọ dúró sí ilé fún ọdún kan tàbí méjì kí ó tó wọ yunifásítì, ó sì lè sọ owó tí òbí rẹ̀ yóò san di ìlọ́po. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a fi ẹ̀kọ́ tòní yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó ti takókó jù lọ, èyíinì ni ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, “ilé”. Kí ni à ń pè ní ilé? Ṣé ibi tí a ń sùn tí a sì ń jí ni, tàbí ibi tí ìwé ìjọba sọ pé a ti wá? Fún ọ̀pọ̀ nínú yín, ibì kan náà ni méjèèjì. Fún àwọn mìíràn, wọ́n jìnnà sí ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi àdúgbò Gàmbàrí ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ti ń wá. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá tí kò mọ̀ pé Gàmbàrí ni orúkọ tí àwọn baba wa ń pe Haúsá. Òkè Ọya ni àwọn tí ó tẹ àdúgbò náà dó ti wá. Àwọn oníṣòwò wọn a máa da ẹṣin wá, wọn a kó káún àti ohun èlò awọ wá, wọn a sì ra obì padà lọ; àwọn kan wá, wọn kò sì padà mọ́. Nígbà tí ìlú bọ́ sí abẹ́ Ẹ́míà, Gàmbàrí di ọ̀kan nínú ẹkùn mẹ́rin tí ó ní Balógun tirẹ̀: Balógun Gàmbàrí, Balógun Fúlàní, Balógun Àjìkòbí àti Balógun Alánàmú. Lónìí, Yorùbá ni ọmọ Gàmbàrí fi ń lá àlá, òun náà ni ó fi ń ná ata ní Ìpàtà, òun ni ìyá rẹ̀ fi ń bá a wí. Àlejò àná ti di onílé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a óò padà bá a nígbà tí a bá dé orí ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan tí kò mọ ìpínlẹ̀ tí yóò pè ní tirẹ̀.

Ààlà tí ó pín ilé níyà kúrò lára àjò, ìjọba ènìyàn ni ó là á, ìjọba ènìyàn náà a sì máa tún un là. Ní ọdún 1962, Ìlọrin wà lábẹ́ ìjọba Ẹkùn Àríwá. Ọdún náà ni ìjọba Àríwá ṣí Yunifásítì Ahmadu Bello sí Zaria, ọdún náà gan-an sì ni Yunifásítì Ifẹ̀, tí ó jẹ́ ti Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìbàdàn ni Ifẹ̀ kọ́kọ́ fi ṣe ibùjókòó kí ó tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà tí ó wà lára ògiri kíláàsì yín. Ẹ fi rúlà wọn Ìlọrin sí Zaria, kí ẹ sì wọn Ìlọrin sí Ilé-Ifẹ̀. Ẹ ó rí i pé èkínní fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin èkejì. Síbẹ̀, fún ọmọ Gàmbàrí nígbà náà, Zaria tí ó jìn tó báyìí ni ilé-ẹ̀kọ́ ẹkùn rẹ̀, Ifẹ̀ tí ó súnmọ́ ọn sì ni ti ẹkùn ẹlòmíràn. Nígbà tí ó di ọjọ́ 27 oṣù Èbìbí ọdún 1967, ìjọba ológun pín Nàìjíríà sí ìpínlẹ̀ méjìlá, Ìlọrin di olú-ìlú ìpínlẹ̀ tí a wá ń pè ní Kwara, Zaria náà sì di ilé-ẹ̀kọ́ àjò ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò sí ẹnì kankan tí ó ṣí kúrò ní àyè rẹ̀. Ààlà ni ó ṣí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí títí di òní. Kòsúbòsú ní ilẹ̀ Bàrùtẹ́n wà nínú Ìpínlẹ̀ Kwara. Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Ìlọrin ní òwúrọ̀ lè dé Ògbómọ̀ṣọ́, kí ó jẹun, kí ó kí àwọn ará, kí ó sì padà sílé kí ẹni tí ó ń lọ sí Kòsúbòsú tó sọ ẹrù kalẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe máa rò pé “inú ìpínlẹ̀” àti “ìtòsí” jẹ́ ọ̀rọ̀ kan náà.

Ẹ má sì ṣe rò pé àjò ìmọ̀ jẹ́ ohun àjèjì sí àwọn ènìyàn wa. Kí yunifásítì kankan tó wà ní Ìlọrin ni àwọn afáà ti ń fi ìlú sílẹ̀ láti wá olùkọ́ kiri, tí àwọn mìíràn sì ń ti òkèèrè wá sí Ìlọrin láti jókòó sí ẹsẹ̀ àwọn afáà tiwa. Ṣéékì Adam Abdullah al-Ilori, tí ìlú wa wà lára orúkọ rẹ̀, kò kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Lárúbáwá rẹ̀ sí Ìlọrin. Abẹ́òkúta ni ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1952, ó sì kó o lọ sí Agége ní 1955. Àwọn ọmọ Ìlọrin fi ìlú tí afáà kún bámúbámú sílẹ̀, wọ́n gba Agége lọ láti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ọmọ Ìlọrin! Ẹni tí ó bá rẹ́rìn-ín sí èyí, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n rí níbẹ̀. Ètò ni wọ́n rí: kíláàsì, ìwé, ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí. Ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ àti bí a ṣe ń kọ́ ọ ni wọ́n tẹ̀ lé dé ibẹ̀.

Lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kò wọ́n wa nílé mọ́. Yunifásítì Ìlọrin, tí ó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 1975 gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Yunifásítì Ìbàdàn. Ó gba akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní 1976, ó sì dá dúró ní 1977. (Ẹ kíyè sí i: ilé-ẹ̀kọ́ tí à ń pè ní ti ilé yìí, Ìbàdàn ni ó tọ́ ọ dàgbà.) Al-Hikmah, ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, dé ní 2005, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété dé ní 2009, Landmark ní Òmù-Àrán dé ní 2011. Pólì ìpínlẹ̀ ti wà ṣáájú gbogbo wọn.

Nísinsìnyí, ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, nítorí pé ibi tí mo ń bọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ àti yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ kì í fi ojú kan náà wo ọ̀rọ̀ onílé àti àlejò. Ní ti ìjọba àpapọ̀, owó tí ọmọ Kwara yóò san ní Ìbàdàn kò yàtọ̀ sí èyí tí ọmọ Ọ̀yọ́ yóò san nínú ẹ̀kọ́ kan náà. Ọ̀nà àtiwọlé ni ó yàtọ̀. Ìlànà tí a fi ń gba ọmọ wọlé nípasẹ̀ JAMB, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní 1978, pín àyè sí ọ̀nà mẹ́ta. Nínú ọgọ́rùn-ún àyè, 45 jẹ́ ti àwọn tí máàkì wọn ga jù lọ, ibi yòówù kí wọ́n ti wá. Àyè 35 jẹ́ ti àwọn ọmọ agbègbè tí a kà mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Àyè 20 tí ó kù jẹ́ ti àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí ibi tí ẹ̀kọ́ ìwé kò tíì gbilẹ̀ tó.

Orúkọ Kwara wà nínú àwọn ìpínlẹ̀ ìkẹyìn yìí. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà máa ń ká àwọn kan nínú yín lára. Ìlú tí ó ṣòro láti rí agbo ilé tí kò ní afáà ni a wá ń pè ní ibi tí ẹ̀kọ́ kò gbilẹ̀! Ó dun èmi náà nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kéwú ni wọ́n ń kà nígbà tí wọ́n ń ṣe ìwé náà. Kò sì yẹ kí ẹni tí ilẹ̀kùn ṣí fún kọ̀ láti wọlé nítorí pé orúkọ tí a kọ sí ara ilẹ̀kùn kò wù ú.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé ọmọ Kwara tí ó kọ Yunifásítì Ìlọrin sínú fọ́ọ̀mù lè gba ọ̀nà máàkì wọlé, ó sì lè gba ọ̀nà agbègbè. Bí ó bá kọ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tí a kò ka Kwara mọ́ agbègbè rẹ̀, ọ̀nà máàkì ṣì wà fún un, ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì tí ó ní kò gbòòrò, nítorí pé àwọn ọmọ ìpínlẹ̀ púpọ̀ láti Sókótó títí dé etí òkun ni yóò bá a dù ú. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá ga gidigidi nínú 400 kò ní wàhálà. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà ní àárín ni ó gbọ́dọ̀ ka ìlẹ̀kùn kí ó tó kọ orúkọ ilé. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í bojú wo ẹni tí kò fi wọ́n sí àyè kìn-ín-ní. Àyè kejì tí ó wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn dàbí àga tí a gbé sí ẹ̀yìn ilé: ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ènìyàn kì í sábà rí jókòó sí i.

Mo ní àṣìṣe kan láti jẹ́wọ́ níhìn-ín. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ alágbẹ̀dẹ, tí ó mọ ìwé níwọ̀n, tí ó sì tẹpá mọ́ṣẹ́. Yunifásítì ìtòsí ni ó fẹ́ kọ sí àyè kìn-ín-ní. Èmi ni mo ní kí ó yọ ọ́ kúrò, kí ó kọ ilé-ẹ̀kọ́ kan tí ó jìn, tí òkìkí rẹ̀ kàn. Bí ẹ bá bi mí léèrè ìdí rẹ̀, n kò ní èsì gidi kan ju pé ibẹ̀ ni èmi náà ti kàwé lọ, mo sì fẹ́ kí a gbọ́ pé ọmọ tí mo kọ́ wọ ibẹ̀. Máàkì tí ó gbà ìbá mú un wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìtòsí, nítorí pé ọmọ agbègbè ni. Lọ́hùn-ún, kò tó. Èyí tí ó kọ sí àyè kejì kò wò ó. Ọdún kan gbáko ni ó fi ń fínná ní ilé arọ bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, èmi àti ìyá rẹ̀ pàdé ní ọjà. Ó kúnlẹ̀ kí mi gẹ́gẹ́ bí àṣà, kò bú mi, kò gbóhùn sókè. Ó kàn ní, “Tíṣà, ọmọ yín ṣì wà nílé o.” Mo ti gbọ́ èébú rí tí kò dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni n kò ti fi ẹnu ara mi yan ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ọmọbìnrin kan wá bá mi láti agbo ilé kan ní Gàmbàrí. Ata àti tòmátì ni ìyá rẹ̀ ń tà ní Ìpàtà. Ìmọ̀ ìṣègùn ni ọmọ náà fẹ́ kọ́, Ìbàdàn ni ọkàn rẹ̀ sì wà, nítorí ilé-ìwòsàn ńlá UCH tí a ṣí níbẹ̀ ní 1957, tí ó ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀ láti kékeré. Ìyá àgbà rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ó ní ṣé Yunifásítì Ìlọrin kò kọ́ni ní ìṣègùn ni? Ó tún ní, ọ̀dọ̀ ta ni ọmọbìnrin yóò máa gbé ní Ìbàdàn? N kò dá sí i. Mo fún ọmọ náà ní ìwé àjákọ kan, mo ní kí ó lọ kọ gbogbo ohun tí yóò ná ní ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì sílẹ̀, kí ó bi àwọn tí ó wà níbẹ̀ léèrè, kí ó má sì fi ojú díwọ̀n ohunkóhun.

Ọjọ́ kẹrin ni ó padà wá. Ní abẹ́ Ìbàdàn, ó ti kọ ìbùsùn, oúnjẹ, gáàsì, ìwé, dátà orí fóònù, àti owó ọkọ̀ ìgbà ọlidé, gbogbo rẹ̀ gún régé. Ní abẹ́ Ìlọrin, owó ọkọ̀ nìkan ni ó kọ. Ní iwájú oúnjẹ àti ilé, òfo ni ó kọ. Mo bi í pé, “Ta ni ń ra oúnjẹ tí o ń jẹ nílé?” Ó ní, “Ìyá mi ni, Ọ̀gá.” Mo ní, “Ṣé òfo ni ìyá rẹ fi ń rà á?” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì mú bírò rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ni a jọ ṣírò ọ̀nà: láti Gàmbàrí dé Post Office, láti Post Office dé Tanke, láti Tanke wọ inú ọgbà yunifásítì, àlọ àti àbọ̀, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. A ṣírò wákàtí pẹ̀lú. Ẹni tí ó ní kíláàsì ní aago mẹ́jọ gbọ́dọ̀ jáde nílé kété tí ó bá kírun àárọ̀ tán, bí iṣẹ́ yàrá ìdánwò bá sì pẹ́, òkùnkùn ni yóò bá a délé. Ó wá ní, “Ọ̀gá, n kò tíì kọ ata lílọ̀ tí mo ń ṣe kí n tó jáde.” Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti lóye. Ilé a máa bọ́ni, ṣùgbọ́n ilé a máa ránni níṣẹ́. Nígbà tí ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, Ìbàdàn ṣì gbówó lórí ju gbígbé ní Gàmbàrí lọ, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà kò tó ìdajì èyí tí ó rò. Bí ó bá sì ní òun yóò gba yàrá sí Tanke bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣe, méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọgbọọgba. N kò kọ iye owó náà síhìn-ín, nítorí pé owó ọjà kì í dúró de ìwé tí a tẹ̀.

Ìlọrin ni ó kọ sí àyè kìn-ín-ní nígbẹ̀yìn. Kì í ṣe nítorí owó, kì í sì í ṣe nítorí ọ̀rọ̀ ìyá àgbà. Ó wo máàkì tí ó ń gbà nínú ìdánwò tí a ń ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́, ó rí i pé ìṣègùn ni àwọn tí ó mọ̀wé jù ń dù níbi gbogbo, ó sì lọ sí ibi tí ìlẹ̀kùn pọ̀ sí. Ìṣègùn kò bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n fún un, ó sì gbà á. Nọ́ọ̀sì ni lónìí, iṣẹ́ ọ̀hún náà ni ó sì gbé e dé Ìbàdàn. Ìyá àgbà ti lọ kí i níbẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò ní pẹ́ lórí wọn. Ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹ tó ronú ìlú. Kwara kò ní òkun. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ nípa òkun àti ohun tí ń gbé inú rẹ̀, irú ibi bíi Yunifásítì Èkó ni yóò ti wá a, kò sí bí ìfẹ́ ilé ṣe lè mú òkun wá sí Ìlọrin. Ẹ tún ro ti ìdaṣẹ́sílẹ̀. Láti oṣù Èrèlé títí di oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2022 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba fi daṣẹ́ sílẹ̀, oṣù mẹ́jọ. Ọmọ tí ilé rẹ̀ wà nítòsí jókòó ti ìyá rẹ̀, ọmọ tí ó háyà yàrá sí ìlú mìíràn sì ń san owó ilé tí kò gbé. Ní ti owó ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, òfin ọdún 2024 dá àjọ kan sílẹ̀, NELFUND, tí ó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba lówó, tí ó sì ń san án ní tààrà fún ilé-ẹ̀kọ́. Kò ní èlé, èyí tí ó mú kí àwọn kan tí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ gbèsè ní Gàmbàrí fara balẹ̀ gbọ́ àlàyé rẹ̀. Gbèsè ni síbẹ̀.

Ó wá ku ọmọkùnrin tí mo ṣèlérí lẹ́ẹ̀kan. Yunifásítì ìjọba ìpínlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kàn, níbi tí owó tí ọmọ onílẹ̀ ń san ti máa ń yàtọ̀ sí ti àlejò. Gàmbàrí ni a bí ọmọ yìí sí. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí ó ti wá ránṣọ ní Ìlọrin láti ìgbà èwe rẹ̀, tí ó sì fẹ́ ọmọ Gàmbàrí níyàwó. Ọmọ náà ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ Ìlọrin láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Màlété ni ó fẹ́ lọ, ó sì ti ní ọkàn pé owó onílé ni òun yóò san. Ó lọ béèrè ìwé ẹ̀rí ọmọ onílẹ̀ ní ọ́fíìsì kan. Akọ̀wé bi í pé, “Agbo ilé bàbá rẹ ńkọ́?” Ó ní Ìsẹ́yìn ni. Akọ̀wé ní, “Nígbà náà, Ìsẹ́yìn ni kí o lọ.” Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ọmọ náà dé Ìsẹ́yìn rí láyé rẹ̀, ìsìnkú sì ni ó gbé e lọ nígbà méjèèjì. Ó padà wá bá mi bí ẹyẹ tí òjò pa.

Bí ó bá gba ìwé Ìsẹ́yìn, ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò máa pè é ní onílé ni Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí kò mọ ẹnì kankan. Ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ náà gan-an tó láti kọ́ni nípa ààlà. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó dá a sílẹ̀ ní 1990. Ní 1991, a yọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jáde lára Ọ̀yọ́, àwọn méjèèjì sì jọ ni ín fún ọ̀pọ̀ ọdún, pẹ̀lú aáwọ̀ lórí owó tí ó kó ìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, títí Ọ̀ṣun fi yọ́wọ́ ní 2020. Láàárín àkókò náà, ilé-ẹ̀kọ́ kan náà ti jẹ́ ilé fún ọmọ Òṣogbo lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti di àjò fún un.

Mo fi ohun kan han ọmọ náà nínú ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999. Ní apá 318, níbi tí a ti ṣàlàyé ohun tí ó túmọ̀ sí pé ènìyàn jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan, a kò dárúkọ bàbá nìkan. Bàbá tàbí ìyá ni ó wà níbẹ̀, tàbí ẹnì kan nínú àwọn òbí àgbà, bí onítọ̀hún bá ṣáà jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gàmbàrí. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ sì ní òun yóò mú un lọ bá Mágàjí agbo ilé wọn, kí àwọn àgbà lè jẹ́rìí sí i. Mo kì í nílọ̀ pé kí ó má gba ìwé ìpínlẹ̀ méjì o, nítorí pé ẹni tí ó bá ń gbé ìwé méjì kiri, ọ̀ràn ni ó ń dá.

Inú ọmọ náà dùn títí ó fi délé. Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbọ́, ó dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, kò sì sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Ṣé èmi kò wá ní agbo ilé ni? Ṣé ọmọ ìyá rẹ̀ ni wọn yóò máa pe ọmọ mi?” Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá dáadáa mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Mo lọ kí bàbá náà fúnra mi. Ó fún mi ní àga, ó ra mínírà fún mi, ó bi mí nípa àwọn ọmọ mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ ìwé, ó gbé ojú sí aṣọ tí ó ń rán. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a ti fọ́ọ̀mù náà pa. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ wà níwájú ọmọ náà pẹ̀lú, níbi tí owó onílé àti àlejò kò ti yàtọ̀, ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù JAMB náà yóò bi í léèrè ìpínlẹ̀ tí ó ti wá, kò sì sí àyè níbẹ̀ láti kọ méjì.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: Fi ara rẹ sí ipò ọmọkùnrin yìí. Kọ lẹ́tà sí bàbá rẹ, ní nǹkan bí 300 ọ̀rọ̀, kí o ṣàlàyé ìpínlẹ̀ tí o fẹ́ kọ sínú fọ́ọ̀mù àti ilé-ẹ̀kọ́ tí o yàn. Kọ ọ́ ní èdè tí ọmọ fi ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí o sì ro ohun tí bàbá náà yóò sọ nígbà tí ó bá kà á tán.